Oyèkúnlé àti Ohùn Tó Ń Pẹ́ Dé Etí

Ẹ̀yin ọmọ, ní ìlú Ìkìrun, ọ̀dọ́kùnrin kan wà tó ń jẹ́ Oyèkúnlé, tó ń fi kọ̀ǹpútà gba orin sílẹ̀ fún àwọn olórin. Ó mọṣẹ́, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò gbà pé ẹnikẹ́ni lè mọ ohun tí òun kò mọ̀. Bí orin bá dára, ẹ̀rọ òun ló ṣe é. Bí kò bá dára, olórin ni kò mọ orin kọ.

Ní ọjọ́ Ajé kan, Moróunkẹ́jì, aboyún tí oṣù rẹ̀ ti ń pé bọ̀, mú ìyá rẹ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Màmá Àyọ̀ká ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá náà. Nǹkan kan ń ṣe é ní gògóńgò, dókítà sì ti dá ọjọ́ Ẹtì fún iṣẹ́ abẹ. Ó ní Màmá yóò yè é, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ lè má padà wá mọ́. Ní ìdílé wọn, orin méje ni wọ́n fi ń wẹ ọmọ tuntun, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan kí ọmọ tó gba orúkọ. Màmá nìkan ló kù tó mọ̀ wọ́n kọ. Ó fẹ́ kí wọ́n bá òun gbà wọ́n sílẹ̀ fún ọmọ tó ń bọ̀.

Oyèkúnlé kọ́kọ́ gba ìró ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé máíkì síwájú Màmá, ó sì fi hẹ́dífóònù bò ó létí, kí ó lè máa gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ohùn ara rẹ̀ pọ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ fẹ́ràn kí ohùn wọn máa dún bí ohùn oníwàásù nínú gbọ̀ngàn ńlá, nítorí náà ó ti fi kọ̀ǹpútà da oríṣiríṣi ọ̀ṣọ́ bo ohùn Màmá kí Màmá tó la ẹnu rárá.

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń wọ́ tẹ̀lé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn. Wọ́n tún un ṣe, ó tún burú sí i.

Màmá ní, "Ọmọ mi, ohùn mi ń pẹ́ kó tó dé etí mi. Bí mo bá ti kọ ọ́ tán, ó dà bíi pé ẹnìkan tún ń kọ ọ́ lẹ́yìn mi. Mo wá ń dúró dè é."

Oyèkúnlé rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ má bínú o, ọjọ́ orí ló dé sí etí yín. Ẹ̀rọ tèmi kì í pẹ́. Ẹ ṣáà máa gbìyànjú."

Ẹ ò rí ayé bí? Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, ohùn Màmá sì ń rẹ̀ sí i lójoojúmọ́. Nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Màmá bọ́ hẹ́dífóònù, ó sì fi í bo etí Oyèkúnlé fúnra rẹ̀.

"Jókòó síbí," ló wí. "Máa pàtẹ́wọ́ tẹ̀lé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ yẹn kí n rí i."

Ọdún mẹ́sàn-án ni Oyèkúnlé ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, kò jókòó sórí àga olórin rí. Ó pàtẹ́wọ́, àtẹ́wọ́ náà sì tún padà dún létí rẹ̀ lẹ́yìn tó ti pa á tán. Ó tún un pa, ọwọ́ rẹ̀ dàrú. Ó bọ́ hẹ́dífóònù, ó ń wo Màmá tìyanu-tìyanu. Ìdádúró náà kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò tilẹ̀ tó kí ènìyàn ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan! Síbẹ̀ obìnrin tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí ló gbọ́ ọ, tó mọ̀ ọ́n, tó sì sọ ọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

"Màmá, òótọ́ lẹ sọ," ló wí.

Ohun tó fà á rèé. Kọ̀ǹpútà kì í dá ohùn padà lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń kó o jọ bí ẹni pọnmi sínú garawa. Ìgbà tí garawa bá kún ni yóò tó gbé e lọ sétí olórin. Oyèkúnlé ti fi garawa ńlá síbẹ̀ kí ìró má baà máa já, ọ̀ṣọ́ tó dà lé ohùn náà tún ń dá a dúró lọ́nà. Ó wá kó gbogbo ọ̀ṣọ́ kúrò, nítorí ìyẹn lè dúró di ẹ̀yìn iṣẹ́. Ó pa gbogbo nǹkan mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ó sì sọ garawa di kékeré.

Màmá tún la ẹnu. Háà! Ohùn náà jáde kedere, òun àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ jọ ń rìn ẹsẹ̀ kan náà. Màmá ń gbá itan rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ọmọ tuntun wà níbẹ̀. Moróunkẹ́jì di ikùn rẹ̀ mú, omijé ń dà lójú rẹ̀. Oyèkúnlé kò rántí wo ẹ̀rọ mọ́. Ó rọra dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàárín wáyà, kò sì dìde títí orin fi parí.

Màmá kọ èkejì. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ já. Wọ́n dúró títí di ìrọ̀lẹ́, kò padà. Ní ọjọ́ kejì wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Màmá yè é, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ lọ pátápátá.

Moróunkẹ́jì bí ọmọbìnrin. Ní ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ kejì, bí Màmá ti ń wẹ ọmọ náà, orin ń jáde láti inú ẹ̀rọ, àwọn ará ilé sì dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ kẹta, Oyèkúnlé wá kí wọn. Màmá da òróró sí àtẹ́lẹwọ́, ó la ẹnu, kò sí ohun tó jáde. Ìró omi nìkan ni Oyèkúnlé gbọ́. Ó bú sẹ́kún níwájú gbogbo wọn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹnìkan bá sọ ibi tó ti ń dun òun, ẹ má ṣe fi ìmọ̀ yín pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ kọ́kọ́ jókòó síbi tó jókòó sí, kí ẹ sì tètè ṣe é, torí ohun mìíràn wà tí kì í dúró de onígbèéraga kó tó gbọ́n. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.