Aago Méjìlá Ni Orin Ń Jáde

Aago méjìlá ọ̀sán ku ìṣẹ́jú méjì.

Màmá mi ń rìn lọ, wọ́n ń rìn bọ̀.

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ fẹsẹ̀ gbẹ́ kànga sí pálọ̀ ni?"

"Táwọn èèyàn ò bá gba tiẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n á gbà á."

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń kọrin. Àyà wọn ò já báyìí rí.

Aago lù, orin jáde.

Fóònù ò sinmi mọ́. Ẹnìkan kọ ọ́ pé: "Ta ló lohùn oyin yìí?"

Mo kà á sókè. Màmá bú sẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́.

Àwọn ni elégbè mi látọjọ́ tí mo ti ń kọrin.

Lónìí, lẹ́ni ọdún méjìdínláàádọ́rin, wọ́n gbé orin tiwọn jáde. Èmi ni mo gbè é.

Wọ́n nujú. "Elégbè mi, a tún ń lọ sí sítúdíò lọ́la. Má pẹ́ẹ́ dé o!"