Igi Tòmáàtì Méjì Tó Kù

Ìyá ọlọ́gbà kan ń na aṣọ ìbora kẹfà bo tòmáàtì nínú ilé gíláàsì rẹ̀ nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Rédíò ti kìlọ̀ pé yìnyín máa bolẹ̀ lóru, oòrùn sì ti ń wọ̀. Algot, aládùúgbò rẹ̀, ti ṣèlérí pé òun máa rán ẹnì kan wá ràn án lọ́wọ́.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́ mà. Èmi ni—"

"Mo ti mọ̀! O pẹ́ jù. Wọlé, kí o ti ilẹ̀kùn!"

Ó wọlé. Kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti ru garawa omi gbígbóná mẹ́rin sáàárín ebè, kí ooru wọn lè lé òtútù.

"Ó ku igi méjì, aṣọ sì ti tán," ìyá náà pariwo. "Kóòtù ẹ ńkọ́?"

"Kóòtù mi, mà?"

"Ṣé òtútù kì í mú tòmáàtì ni? Bọ́ ọ!"

Ó bọ́ kóòtù tuntun náà, ó bọ́ súwẹ́tà tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ṣe bo igi tó gbẹ̀yìn tán, ìyá náà fò sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ni àwọn méjèèjì bá bú sẹ́rìn-ín.

Àfi bí Tuva, ọmọbìnrin ìyá náà, ṣe já wọlé pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́.

"Mọ́mì! Mo ní kí Vidar ṣáájú wá kí yín, kí n ra búrẹ́dì. Kí lẹ wá ṣe fún àfẹ́sọ́nà mi?"

Ìyá náà wo ọkùnrin náà láti òkè délẹ̀. Òtútù ń mú un débi pé ó ń wa eyín keke, síbẹ̀ ó ṣì ń rẹ́rìn-ín.

"Tuva," ó ní, "tètè fẹ́ ẹ, kí ojú ẹ̀ tó là."