Àpèkọ Ìrọ̀lẹ́

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń kọ̀wé sí ìyàwó mi tó ti kú. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ nílé lójúmọ́, màá ròyìn rẹ̀ fún un sínú ìwé, títí Ìbídùn ọmọ wa fi dé, tó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí Màámi sinmi." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo kó gbogbo ìwé náà sínú àpótí, mo tì í, mo sì ju kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí ṣáláńgá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, mo jókòó ní pálọ̀, mo fọwọ́ lẹ́rán. Ẹnì kan kí mi láti ojú fèrèsé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Ìbídùn."

Iṣẹ́ wo? Ṣebí mo ti jáwọ́! Ṣùgbọ́n ìkíni ti mọ́ wa lára jù. Mo ti dáhùn, "Ẹ ṣé o," kí n tó rántí pé a kì í dá ẹni tí a kò rí lóhùn.

Mo sáré sí ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn tí n kò tì kò ṣí. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ọ̀kan nínú ìwé tí mo tì mọ́ àpótí ti wà lórí tábìlì ní ṣíṣí, bírò mi sì wà lórí rẹ̀.

Tíṣà ni ìyàwó mi nígbà ayé rẹ̀. Bó bá ń pe àpèkọ fáwọn ọmọ, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń pe gbólóhùn kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ jókòó," ni ohùn náà wí, nínú pálọ̀ báyìí. "Ọkọ mi kò jáde mọ́."

Ọwọ́ mi mú bírò.

"Ọkọ mi kò jáde mọ́."