Àìsàn Kan, Orúkọ Mẹ́rin: Ohun Tó Ṣe Ìyá Ìyìn ní Omifunfun

Ẹ bá mi ka ìtàn yìí dé òpin, pàápàá ẹ̀yin ọkùnrin tí ìyàwó yín ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Inú ló ń bí mi tí mo fi kọ ọ́, n kò sì ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

1. Gbádéyan wá láti Ìkirè, ó ń dáko kòkó lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ní Omifunfun. Ìyàwó rẹ̀, Ẹ̀bùnọlá, bí Ìyìn, ọmọbìnrin. Ọmọ náà kò tíì pé oṣù kan tí orí fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ìyá rẹ̀. Tó bá dùbúlẹ̀, ó ń le sí i. Tó bá wúkọ́, àfi bíi pé orí fẹ́ là. Gbádéyan ní ibà ni, ó ra oògùn ibà fún un.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àáró kàn án. Àwọn ọkùnrin mẹ́jọ ló máa ń fọ́ kòkó ara wọn ní yíyípo, ìyàwó ẹni tó bá sì kàn ló ń se oúnjẹ. Ẹ̀bùnọlá bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó bá Sùlèímọ̀n, ọ̀kan nínú wọn, pààrọ̀ ọjọ́, kí òun lè lọ sí ilé ìwòsàn. Gbádéyan ní ṣé kí wọ́n máa wí kiri pé òun ò lè bọ́ àwọn aláàáró ni? Bí ìyá ìkókó ṣe gbé iṣu kaná fún ọkùnrin mẹ́jọ nìyẹn.

2. Lọ́jọ́ kejì ó ń bì, ó sì ń rí nǹkan ní méjìméjì. Ọkọ rẹ̀ ní èéfín ló bá a lójú. Rodiyat, aládùúgbò wọn, ló fi ọ̀kadà gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré ní Odigbó. Nọ́ọ̀sì tan iná sí i lójú, kò fi àkókò ṣòfò, ó kọ ìwé pé kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà láti ya àwòrán ọpọlọ.

Nígbà tí wọ́n padà délé, Gbádéyan ka ìwé náà. Ó mọ̀wé, ẹ má ṣe bá a wá àwáwí.

“Ẹ̀fọ́rí lásán lẹ fẹ́ gbé lọ ya àwòrán,” ló wí. “Ẹ jẹ́ ká fọ́ kòkó tán ná.”

3. Ọjọ́ kẹta, Ẹ̀bùnọlá ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ọkùnrin pariwo pé wárápá ni, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, pé itọ́ rẹ̀ ń ràn. Irọ́ burúkú. Ọkọ rẹ̀ pàápàá sún sẹ́yìn. Rodiyat nìkan ló yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó lajú, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè gbé ọmọ mọ́, ni wọ́n bá ní rọpárọsẹ̀ ni. Ibà, èéfín, wárápá, rọpárọsẹ̀: orúkọ mẹ́rin fún àìsàn kan, wọn ò sì wo àìsàn náà gan-an.

4. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó wá ọkọ̀ ní Ore, tí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Dókítà ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde kúrò nínú ọpọlọ. Ó ní kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣe àwọn abiyamọ tuntun, kì í sì í yọjú bákan náà lára gbogbo èèyàn. Ó ní ká ní wọ́n tètè dé ni, ó ṣeé ṣe kí oògùn gba ojú rẹ̀ là.

Ẹ̀bùnọlá kò kú. Ọwọ́ rẹ̀ padà bọ̀ sípò. Ojú rẹ̀ kò padà: kò ríran mọ́.

Ìyìn ti pé oṣù márùn-ún, ó ti ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá rẹ̀ fọwọ́ tọ́ imú rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ wò, ó ní:

“Bàbá Ìyìn, ta lọmọ mi wá jọ báyìí?”

Ọkùnrin tó mọ orúkọ gbogbo àìsàn dìde, ó jáde síta.

Ẹ gbọ́ o. Bí orí bá ń fọ́ abiyamọ tí kò lọ, tó ń bì, tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n tàbí tí apá kan rọ, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà. Kòkó yóò dúró dè yín. Gbogbo òtòkùlú pé jọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.