Omi Pupa Inú Ìgò

Ọ̀sẹ̀ tí Tẹniọlá padà sẹ́nu iṣẹ́ ní yunifásítì ni Wàsílátù, ìyá ọkọ rẹ̀, dé sí Ìkòròdú láti wá bá wọn mójú tó Toheeb. Ọmọ oṣù márùn-ún ni, ó sanra dáadáa. Láràárọ̀, bí Tẹniọlá bá ti jáde, ìyá àgbà á wẹ ọmọ tónítóní, á fi òrí pa á lára, á lé tìróò sí i lójú, á wá pọ̀n ọ́n sùn.

Kò pẹ́ tí ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ó ń bì, oúnjẹ ò wọlé mọ́. Wọ́n tọ́jú ibà títí lọ́sibítù, pàbó ló já sí. Ọjọ́ tí gìrì kọ́kọ́ gbé e ni ara ti ń fu Wàsílátù sí ìyàwó ọmọ rẹ̀.

Ó ń ṣọ́ ọ. Ìgò kéékèèké tí omi pupa kún inú wọn ni Tẹniọlá ń gbé wọlé nínú báàgì. Wàsílátù rí i tó bu ẹ̀kọ ọmọ sínú ọ̀kan, tó bu omi kànga, tó ha ọ̀dà ara ògiri. Lọ́jọ́ kan, ó gé irun ọmọ, ó fi bébà wé e, ó gbé e jáde nílé.

"Mobọ́lájí, kí nìyàwó rẹ ń fi irun ọmọ ṣe?"

"Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní yunifásítì ni, Màámi. Wúrà tí wọ́n sọ di wóró tójú ò lè rí ló wà nínú omi yẹn. Bí májèlé òjé bá kàn án, á di búlúù. Irun Toheeb sọ ọ́ di búlúù."

"Májèlé? Lára ọmọ mi?"

"Ó ń wá ibi tó ti ń wọlé ni. Gbogbo ohun tó ti dán wò nínú ilé, omi náà ò kúrò ní pupa."

"Ta ló ń gbé ìgò kiri nínú ilé yìí?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́."

Lọ́jọ́ kejì, bí àwọn méjèèjì ti lọ síbi iṣẹ́, Wàsílátù di ẹrù ọmọ, ó pọ̀n ọ́n, ó wọkọ̀ ní ibùdókọ̀ Benson, ó di Àgbówà, lọ́dọ̀ Fàlílátù àbúrò rẹ̀.

"Ṣé ìyá ọmọ mọ̀?" Fàlílátù bi í.

"Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Wọn ò ní í fi májèlé pa á lójú mi."

Ó pa fóònù rẹ̀. Ó wẹ ọmọ, ó fi òrí pa á lára. Ojú ọmọ ti rẹ̀wẹ̀sì jù lójú rẹ̀, nítorí náà ó lé tìróò tọjọ́ náà nípọn.

Ní Ìkòròdú, Mobọ́lájí ń pe fóònù tí kò lọ, Tẹniọlá sì jókòó ti ìrọ̀rí ọmọ, ó di ìgò kan mú, àbàwọ́n tìróò tó ha lára ìrọ̀rí náà ti sọ omi inú rẹ̀ di búlúù.