Ilẹ̀ Ìjọba Ni

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ilẹ̀ ni télọ̀ ń jowú. Ọkọ rẹ̀ ni ọlọ́dẹ iléèwé ìjọba. Bàbá Pápá ni wọ́n ń pè é, nítorí pápá ńlá tó wà lẹ́yìn àwọn kíláàsì, èyí tó lọ títí wọ inú igbó. Ewúrẹ́ kankan ò gbọdọ̀ jẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó fẹ́ bù ú kọ́lé ti wá títí, ó lé wọn bí ẹni lé adìẹ. Apá ìsàlẹ̀, níbi tí igi ti pọ̀, kò tilẹ̀ jẹ́ kí ọmọléèwé dé ibẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù wọn bá yí lọ síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ mú un wá.

"Ilẹ̀ ìjọba ni," á ní. "Èmi ni mò ń ṣọ́ ọ."

Àárọ̀ kùtù ló ń jáde. Bí oúnjẹ bá ti tutù tán ló ń wọlé, á fẹnu kàn án, á ní àárẹ̀ ò jẹ́ kébi pa òun. Nígbà ọlidé, tí kò sí ọmọ kankan níléèwé, ìgbà yẹn gan-an niṣẹ́ ń pọ̀ sí i.

"Ọ̀rẹ́ mi," onídìrí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì á ní, "orogun ẹ ò tíì yọ̀ǹda ọkọ fún ẹ lónìí?"

Télọ̀ á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń dùn ún dé ọkàn. Ẹni tó ní orogun gidi ṣì lè rí ẹni bá jà. Ta ni yóò bá koríko jà? Nígbà mìíràn yóò jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, òwú á wà lọ́wọ́ rẹ̀, owú ni yóò máa rán.

Lọ́jọ́ kan, ó ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀, ó rí i pé bọ́tìnnì tó já ti padà sí àyè rẹ̀. Ẹni tó rán an fi òwú dábùú òwú. Òwú ti télọ̀ kì í dábùú, gbọọrọ ló máa ń lọ.

"Ta ló bá yín rán bọ́tìnnì yìí?"

"Èmi ni. Mo rí i pé ọwọ́ ẹ dí."

Ojú tì í. Ọkọ télọ̀ ló wá ń fọwọ́ ara rẹ̀ rán bọ́tìnnì, torí pé ìyàwó ń bá koríko dìjà. Ó pinnu pé òun yóò ràn án lọ́wọ́.

"Ẹ jẹ́ ká bẹ ìjọba kí wọ́n mọ ògiri yí pápá yẹn ká," ló wí. "Ẹ óò lè máa jókòó sílé díẹ̀."

"Ògiri ò lójú. Èmi ni mo lójú."

"Ògiri kì í sùn, bàbá."

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni?"

Kò bá a jiyàn mọ́. Ó dá lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, ó rojọ́, ó bẹ̀bẹ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ gbà láti mọ ògiri náà, ó ní irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, wọ́n sì ránṣẹ́ pe ọlọ́dẹ kó wá gba ìwé ìyìn. Ọjọ́ tó lọ gbà á náà ni àwọn awọnlẹ̀ méjì dé pẹ̀lú okùn àti àdá. Télọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn. Ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ibi tí orogun òun parí sí.

Wọ́n wọnlẹ̀ títí dé apá ìsàlẹ̀, wọ́n ń ṣán igbó lọ. Lẹ́yìn igi tó kẹ́yìn, wọ́n já sí ilé kékeré kan tí páànù rẹ̀ ṣì ń dán. Obìnrin kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì kan, òwú ń dábùú òwú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," obìnrin náà sọ jẹ́jẹ́, "ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ibẹ̀ yẹn kọjá mọ́, ilẹ̀ ìjọba ni, ọkọ mi ló ń ṣọ́ ọ."