Ta Ló Yọ Gílóòbù Rédíò?

Atúnrédíòṣe ti tú ẹ̀yìn rédíò àtijọ́ náà kí tọkọtaya arúgbó tó gbé e wá tó rí àga jókòó.

"Bàbá, ọ̀kan nínú àwọn gílóòbù tó ń mú un sọ̀rọ̀ ò sí nínú ẹ̀. Ẹnì kan ló yọ ọ́."

Bàbá wo àjà, ó wolẹ̀, ó wá fa gílóòbù yọ lápò. "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Tí rédíò bá ti ń sọ̀rọ̀, ìyàwó mi kì í dá mi lóhùn mọ́."

"Ojú ò tì yín, Bàbá Ìbejì!" ni Ìyá figbe ta. "Àgbàlagbà bíi tiyín!"

Atúnrédíòṣe fi gílóòbù náà sáyè rẹ̀, ó tan rédíò. Kẹ́kẹ́ pa. Ó tún yọjú wo inú rẹ̀.

"Òmíràn tún sọnù níbí o."

"Ọ̀kan ṣoṣo ni mo yọ! Mo búra!" ni Bàbá wí.

Àwọn méjèèjì yíjú sí Ìyá. Ó húkọ́, ó wá rọra ṣí báàgì rẹ̀.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́? Tí ìròyìn bá ti bẹ̀rẹ̀, ṣé ẹ máa ń rí mi ni?"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n jọ ń dápàárá jáde lọ, wọ́n sì gbàgbé rédíò sórí tábìlì.